Iná Tí Kékeré Ń Pa

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Awò fi wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní ilé àyẹ̀wò ọsibítù kan kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n á gbé ẹ̀jẹ̀ dé, á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, á tẹ ojú mọ́ maikirosikóòpù, awò tó ń sọ ohun tí ojú lásán ò lè rí di ńlá, á sì sọ irú kòkòrò tó ń bá onítọ̀hún fínra. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Àwọn dókítà pàápàá ń ṣọ́ra fún un. Bí dókítà kan bá fẹ́ kọ oògùn fún aláìsàn kí èsì àyẹ̀wò tó jáde, Ìyá Awò á ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ ká rí olè ká tó na olè." Ọ̀rọ̀ yìí di àwàdà láàárín àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n á máa sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù ú. Kékeré ni gbogbo ilé ń pè é, Kékeré ló sì ń jẹ́ títí tó fi bímọ méjì, tí àwọn ọmọ náà dàgbà tí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, tí ewú sì bo orí rẹ̀. Ìyá Awò ló mú un wọ ilé àyẹ̀wò nígbà tó jáde ilé ìwé. Ọdún kan àbọ̀ ló lò níbẹ̀. Ó ní sùúrù, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì ń tètè mú nǹkan. Àfi bó ṣe wá sọ lọ́jọ́ kan pé òun ò ṣe mọ́. Ilé ìtura ńlá kan ti ra àpótí gíláàsì tó ga ju èèyàn lọ, wọ́n bu omi oníyọ̀ sínú rẹ̀ bíi ti òkun, wọ́n da ẹja aláràbarà sí i kí àwọn àlejò máa rí nǹkan wò. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn.

"Ṣé ẹja tí wọ́n máa sè fún àlejò ni?" Ìyá Awò bi í.

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Wíwò ni wọ́n ń wò ó."

"O ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀. O fi ẹ̀mí èèyàn sílẹ̀, o fẹ́ lọ máa tọ́jú ẹja tí ò ní dé inú ìkòkò láéláé."

Ó dùn ún ni o. Òun ti fọkàn sí i pé àbúrò òun ni yóò jókòó sórí àga òun lọ́jọ́ tí òun bá dìde. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ó dun òun. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe. Níbikíbi tí ẹbí bá ti péjọ, á na ọwọ́ sí Kékeré, á ní, "Ẹ bá mi kí àbúrò mi, dókítà ẹja tí wọn kì í sè." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Kékeré náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ètè lásán ni. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi rín ẹ̀rín yìí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, wọ́n ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Díẹ̀díẹ̀ ni Kékeré dẹ́kun wíwá sí ibi tí ẹbí bá ti péjọ. Ìyá Awò ní iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó ráyè.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Kékeré láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń wọ bàtà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ń gbọ́, ó sì ń yé e. Ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jáde: "Ó tó." Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, "ó tó" ni. Bí wọ́n bá fún un lómi tó sì fẹ́ dúpẹ́, "ó tó" náà ni. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, tó sì jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojú àti ọwọ́ mọ ohun tí "ó tó" kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Ìyá Awò ò kọ́ ọ. Láàárín oṣù méje, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló wá kí àbúrò rẹ̀. Á gbé èso wá, á jókòó sí etí àga, á béèrè bóyá ó ti jẹun, á wo aago.

Ọjọ́ Ajé kan ni Káfíńtà pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu. Ẹja Kékeré ló ń kú."

"Ẹja?"

"Mẹ́ta ti lọ láti ọjọ́ Ẹtì. Látàárọ̀ ló ti jókòó ti gíláàsì, omi ń dà lójú ẹ̀, kò jẹun. Mo ní ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ nípa kòkòrò. N ò mọ ẹlòmíì tí mo lè pè."

Ìyá Awò gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Àpótí ẹja tí Kékeré ní nílé gùn tó èèyàn tó nà gbalaja. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló kan pèpéle tó wà lábẹ́ rẹ̀, pákó tó nípọn, tó fín létí yíká. Àga Kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ìrọ̀rí méjì níbẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin nítòsí, súìṣì iná àpótí náà níbi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti lè tó o. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan so kọ́ sórí ìṣó lára pèpéle náà. Nínú omi, láàárín òkúta àti iyùn òkun tó ń hù bí ewéko, ẹja mẹ́wàá ló kù. Méjì nínú wọn jẹ́ tọkọtaya aláwọ̀ ọsàn onílà funfun, tí Kékeré ti ní láti ọdún mẹ́rìnlá. Ọ̀kan tóbi, ó dúdú bí aró tuntun. Gbogbo wọn kó ara jọ síwájú ẹnu páǹpù tó ń tú omi jáde, wọ́n ń mí gùlẹ̀gùlẹ̀ bí ẹni tó sáré gun òkè. Ìyá Awò tẹ orí sún mọ́ gíláàsì. Ó rí àmì funfun wínníwínní lára ẹja aláró náà.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó ni iná kú. Kékeré ló pa á.

"Ó tó," Kékeré wí.

"Mo fẹ́ ríran ni, Kékeré." Ìyá Awò tan iná.

Kékeré tún pa á. "Ó tó. Ó tó."

"Ṣé iná ló ń gún ọ lójú ni? Fara dà á díẹ̀." Ó tún tan án, ó sì gbé okùn súìṣì náà kúrò níbi tí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ lè dé.

Káfíńtà kó àwọn ìwé Kékeré jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù. Méje ni wọ́n, ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle, wọ́n kún bámúbámú fún ọwọ́ ìkọ̀wé tí Ìyá Awò mọ̀ bó ṣe mọ tirẹ̀, nítorí òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ èsì àyẹ̀wò. Ó ṣí wọn títí ó fi kan ojú ìwé tí wọ́n kọ "Àrùn hóró iyọ̀" sí lókè. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: ẹja á máa ha ara mọ́ òkúta, àmì funfun bíi hóró iyọ̀ á yọ lára rẹ̀, kòkòrò rẹ̀ ò sì fara da omi tí iyọ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Kó ẹja sínú àpótí mìíràn, dín iyọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méjì, fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan.

"Òun rèé," Ìyá Awò wí. Ó pa ìwé náà dé.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ibi tí àrùn náà ti wọlé. Káfíńtà wo ilẹ̀.

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo ra ẹja kan wálé lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, aláwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín lẹ́nu ẹ̀. Mo kàn dà á sínú omi níṣojú ẹ̀ ni."

"Kí ló ṣe?"

"Ó ń pariwo 'ó tó, ó tó'. Mo rò pé inú ẹ̀ ló dùn." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá rántí pé kì í da ẹja tuntun síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ fi í sínú àpótí kan ní yàrá ẹ̀yìn fún ọgbọ̀n ọjọ́ ó lé, á máa ṣọ́ ọ. Èmi ti kó ìṣó àti góòmù sínú àpótí yẹn láti ìgbà tó ti ṣàìsàn."

Ìyá Awò ò bá a wí. Wọ́n da ìṣó jáde, wọ́n fọ àpótí náà, wọ́n gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ńlá ní pálọ̀, wọ́n po omi oníyọ̀, wọ́n sì fi àwọ̀n kékeré kó ẹja mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú rẹ̀. Wákàtí wákàtí ni Ìyá Awò ń wọn iyọ̀, tó ń bu omi lásán sí i, ìwọ̀nba ni. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àṣìṣe rẹ̀ náà mọ́ tónítóní.

Nítorí pé ó rántí awò. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn pé kò rántí. Lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an ló ti wá sí i lọ́kàn pé kò sóhun tó burú bí òun bá ha ara ẹja kan díẹ̀, kí òun tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, kí òun wò ó. Ilé àyẹ̀wò tó ti fẹ̀yìn tì ò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe dé ibẹ̀ kó ní ẹja lòun fẹ́ wò? Àwọn tó ti bá a rẹ́rìn-ín "ẹja tí wọn kì í sè" ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ojú tì í. Àti pé, lọ́kàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹja náà ṣì jẹ́ ẹja. Òfin tí kò gbà kí dókítà kankan rú lórí èèyàn, ó rú u lórí ẹja, kò sì kà á sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kékeré na ọwọ́ òsì títí ó fi rí okùn súìṣì fà, ó pa iná. Ìyá Awò tan án. Ó tún pa á. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́ sí tọ́ọ̀ṣì tó wà lórí ìṣó, ó yọ ọ́, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga. Ìyá Awò bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Kékeré na ọwọ́ pé kó fún òun.

"O máa fọ́ ọ," Ìyá Awò wí, ó sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Kékeré wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí ògiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Rú, ẹja márùn-ún ti kú. Ìyá Awò tò wọ́n sínú abọ́ funfun kan. Ìyàwó nínú tọkọtaya aláwọ̀ ọsàn wà nínú wọn. Ó dúró ti abọ́ náà, ó ń sọ fún Káfíńtà pé bóyá iyọ̀ náà ò tíì fúyẹ́ tó, pé kí wọ́n tún dín in kù.

Káfíńtà ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kékeré kì í pa iná láìnídìí."

"Kí lẹ ní lọ́kàn?"

"Nígbà tí ara ẹ̀ ṣì le, tí ẹja bá ń ṣàìsàn, ó máa ń ti fèrèsé, á pa gbogbo iná, á wá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, báyìí. N ò mọ ohun tó ń wá."

Ìyá Awò gbé abọ́ sílẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti wà níbí, àna mi. Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí," Káfíńtà wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ẹ̀yin lẹ sì mọ̀wé. Èmi, pákó ni mo mọ̀."

Ìyá Awò gbé tọ́ọ̀ṣì sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó lọ fi í sí ọwọ́ òsì àbúrò rẹ̀. Káfíńtà fa kọ́tìnì. Wọ́n pa iná, yàrá náà ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan. Kékeré gbé ọwọ́ rẹ̀ tó dá a sí, kò tan tọ́ọ̀ṣì náà láti iwájú, ẹ̀gbẹ́ ló ti tan án, kí ìmọ́lẹ̀ lè fò kọjá lórí ẹ̀yìn ẹja. Ìyá Awò sì rí i. Kì í ṣe hóró iyọ̀. Eruku ni, eruku wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó ń dán bíi wúrà, bí ẹni ku àtíkè sára ẹja láti orí dé ìrù. Lábẹ́ iná funfun, kò sí ojú tó lè rí i. Ìyá Awò, tí wọ́n ní ojú rẹ̀ kì í tàsé, ti wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá Awò dìde. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni. Ìyá Awò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ yá maikirosikóòpù kan, èyí tó kéré, ó sì fi ipá mú ara rẹ̀ sọ pé ẹja lòun fẹ́ fi wò. Ó ń retí ẹ̀rín. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ti àbúrò yín ni, Màmá? Áà, mo máa ń kó àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ìtura yẹn nígbà tí wọ́n kéré. Àbúrò yín máa ń ṣàlàyé ẹja kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ náà, kì í rẹ̀ wọ́n. Báwo lara wọn?" Ó ti ń ká wáyà ẹ̀rọ náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ẹ gbé e lọ. Ẹ má wulẹ̀ kánjú dá a padà."

Ìyá Awò gbé ẹ̀rọ náà mọ́ àyà bọ̀ wálé. Ohun tó ń bẹ̀rù fún odindi ọjọ́ mẹ́ta kò ju ìyẹn lọ.

Ó mú ẹja kan tó ti ń dẹ̀gbẹ́, ó ṣí ìdérí ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó fi etí gíláàsì ha á fẹ́rẹ́, ó tẹ́ ẹ, ó sì tẹ ojú mọ́ awò. Àwọn kòkòrò náà wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n rí bí omijé tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀, àwọ̀ wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọn ò mira. Ti àrùn hóró iyọ̀ máa ń yí po bí òòyì, ìwé Kékeré ti sọ ọ́. Àwọn wọ̀nyí ò yí. Ńṣe ni wọ́n ki ẹsẹ̀ tíntín bọ inú ẹran ara ẹja, wọ́n jókòó. Wọ́n ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Èyí bá ẹja tan débi tí kò fi jẹ́ kó mí mọ́.

Ìyá Awò ò gbé ojú kúrò. Kì í ṣe pé ó ṣì ń wo nǹkan kan. Ohun tó ń rántí ni kò jẹ́ kó lè gbójú sókè.

Ọdún méjì kí àrùn tó kọlu Kékeré, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan nígbà náà. Ó ní ẹja òun kan ń mí gùlẹ̀gùlẹ̀, pé òun rò pé òun mọ ohun tó ń ṣe é ṣùgbọ́n òun fẹ́ kó dá òun lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè gbé e wá kẹ́ ẹ bá mi wò ó lábẹ́ awò? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Ká jọ wò ó bíi tàtijọ́." Inú ilé àyẹ̀wò ni Ìyá Awò wà, àwọn èèyàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni mò ń wò níbí, Kékeré. Lọ sun ún jẹ." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kékeré ní kò burú, ó sì pa fóònù. Kò tún pè mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Ká jọ wò ó bíi tàtijọ́." Ọ̀rọ̀ ẹja kọ́ ló bá a sọ lọ́jọ́ yẹn. Ó lé ní ọdún méjì àbọ̀ kó tó gbọ́ ọ.

Ó gbé maikirosikóòpù náà lọ sórí tábìlì kékeré tó wà níwájú àga Kékeré, ó ti ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, ó di èjìká rẹ̀ mú kó lè tẹ̀ síwájú. Kékeré fi ojú kan sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wá kúrò lórí itan, ó wá bọ́tìnì ẹ̀rọ náà rí fúnra rẹ̀, ó yí i díẹ̀ kí nǹkan lè hàn dáadáa. Ọwọ́ náà ò gbàgbé. Nígbà tó gbé orí sókè, ó nawọ́ sí ìwé.

Ìyá Awò ṣí i síbi tó ti pa á dé lọ́jọ́ Ajé. Kékeré fi ìka ṣí ojú ìwé kan péré sí i. "Àrùn eruku wúrà" ló wà lókè rẹ̀. Pa iná, tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹja á sá fún ìmọ́lẹ̀, á lọ dúró síwájú páǹpù, nítorí èémí ń wọ́n ọn. Kékeré sì ti fa ìlà méjì sábẹ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn: Dídín iyọ̀ kù kì í ràn án, má fi ọjọ́ ṣòfò.

Ìyá Awò kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ló kù.

Wọ́n da omi àpótí kékeré náà nù, wọ́n po òmíràn. Kí ẹja tó wọ ibẹ̀, Kékeré fi ọwọ́ ṣàlàyé pé kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ nínú omi lásán tí kò níyọ̀, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí àwọn kòkòrò kan lè já bọ́. Ìka márùn-ún ló nà sókè, Káfíńtà wo aago. Oògùn bàbà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná náà ni, tí wọ́n yọ́ sínú omi. Ìwọ̀n rẹ̀ le: bó bá kéré, kòkòrò á yè é, bó bá pọ̀, ẹja á kú. Lójoojúmọ́ ni Ìyá Awò ń bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń kán oògùn àyẹ̀wò sí i, tó ń fi àwọ̀ rẹ̀ wé èyí tó wà lára páálí. Wọn ò kán oògùn yìí sínú àpótí ńlá rárá, nítorí edé àti iyùn ló wà níbẹ̀, bàbà á sì pa gbogbo wọn. Àpótí ńlá wà láìní ẹja kankan, kí ebi lè pa kòkòrò tó kù níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìwé Kékeré sọ. Ìyá Awò fi méjì kún un. Kì í ṣe òun ni yóò tún kánjú.

Ẹja márùn-ún ló wọ inú bàbà. Ọ̀kan kú lọ́jọ́ Bọ̀, ẹja aláró kú lọ́jọ́ Àìkú. Mẹ́ta yè é. Ọkọ aláwọ̀ ọsàn wà nínú wọn, òun nìkan, ó ń wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀ ní igun kan.

Bí Ìyá Awò ṣe ń sùn nílé wọn nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ Kékeré láìda oúnjẹ sí i láyà. Ó kọ́ pé bí Kékeré bá wí "ó tó" tó sì wo fèrèsé, ooru ló ń mú un. Bó bá wí i tó sì di ojú, ìdí ló ń dùn ún lórí àga. Káfíńtà ló ń kọ́ ọ. Ó ṣòro fún un láti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń kọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Káfíńtà ti lọ síbi iṣẹ́, òun àti àbúrò rẹ̀ nìkan ló wà nílé. Ìyá Awò gbé àga wá síwájú rẹ̀, ó jókòó dáadáa, kì í ṣe ní etí àga.

"Kékeré, o sọ fún mi. Láti wákàtí tí mo ti wọlé lo ti ń sọ fún mi, èmi ni mo di etí. Èmi tí n kì í jẹ́ kí wọ́n na olè kí wọ́n tó rí olè." Ó wo àpótí kékeré náà. "Ẹja méje ló kú sí mi lọ́wọ́. Ti Káfíńtà, ìfẹ́ ló ṣe é. Tèmi, ìgbéraga ni. Àti ọjọ́ tó o pè mí lórí fóònù yẹn. Àti ọ̀rọ̀ ẹja tí wọn kì í sè. Ó dùn mí pé o fi mí sílẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, mo wá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ fún ogún ọdún. Mo ṣẹ̀ ọ́. N ò ní àwáwí."

Kékeré ń wò ó. Ojú rẹ̀ ò le, kò sì rọ̀. Ó fi ọwọ́ òsì tún etí aṣọ rẹ̀ ṣe lórí orúnkún, ó wo aago ara ògiri, ó sì na ìka sí ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bàbà.

"Ó tó," ó wí.

Ìyá Awò ò mọ èyí tó jẹ́. Ó lè jẹ́ pé àbúrò òun gbà, pé kí òun má sọ̀rọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti sú u. Ó sì lè jẹ́ pé àsìkò tó láti wọn oògùn, nítorí aago ti kọjá mẹ́sàn-án lóòótọ́. Kò bi í. Ó dìde, ó bu omi, ó wọn ọ́n. Ó pé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, wọ́n kó ẹja mẹ́ta padà sínú àpótí ńlá. Omi náà ṣófo lójú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dábàá pé kí wọ́n ra òmíràn. Ìyá Awò dá maikirosikóòpù padà, ó sì ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, á fọ gíláàsì, á po iyọ̀, á kọ ohun tó bá ṣe sínú ìwé kẹjọ. Ohun tó kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni orúkọ àrùn náà, iye ẹja tó kú, àti pé ẹni tó tọ́jú wọn ò yẹ ara wọn wò kó tó fún wọn lóògùn. Ó fọwọ́ sí i bó ṣe máa ń fọwọ́ sí èsì àyẹ̀wò.

Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé báyìí. Ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá ti padà sẹ́nu Kékeré. Omi. Iyọ̀. Tì í. Ìrọ̀rí. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Lọ́jọ́ kan ó pe ọkọ rẹ̀ ní "ọkọ mi", Káfíńtà sì jáde lọ dúró lẹ́yìnkùlé fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n" ò tíì sí nínú wọn. Obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, pé kí wọ́n má fipá mú un, pé òmíràn lè má padà mọ́. Ìyá Awò ní òun gbọ́. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ bọ inú omi títí dé ìgúnpá, ó ń ha ewéko wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì kúrò, Kékeré sì ń na ìka sí ibi tí kò tíì mọ́.